Oníbodè Tó Dé Fìlà Àlàájì Jàbárù

Ọjọ́ tí Rísíkàt kọ́kọ́ rí Níyìolúwa, ọmọkùnrin náà ń jẹ èékánná bí ẹni tí ebi ń pa. Kì í ṣe ebi o. Géèmù tí ó ṣe ni wọ́n gbé síwájú Rísíkàt pé kó dán an wò, ọmọbìnrin náà sì ti há sínú ihò kan nínú rẹ̀, kò mọ ọ̀nà àbájáde.

"Ibo ni kí n gbà báyìí?" Rísíkàt bi í.

Níyì kàn ń wò ó. Òfin ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ṣíṣe géèmù ní yunifásítì wọn ní Abuja nìyẹn: bí ẹnìkan bá ń dán géèmù rẹ wò, o ò gbọ́dọ̀ la ẹnu. Géèmù tó bá dára ni yóò fọ̀nà han ènìyàn fúnra rẹ̀. Bí o bá sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, òdo ni máàkì rẹ.

Rísíkàt wo bí òógùn ṣe ń bọ́ lójú ọmọ ọlọ́mọ, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí àkókò pé, Níyì mí kanlẹ̀. "Apá ọ̀tún ni! Apá ọ̀tún! Ó kù díẹ̀ kí n kú!"

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé. Bí wọ́n bá jáde ní kíláàsì, wọn a lọ jókòó létí adágún Jabi, wọn a jọ jẹ àgbàdo sísun. "Adúmáadán mi" ni Níyì máa ń pè é. Inú Rísíkàt a sì dùn débi pé á gbàgbé ìdánwò. Ohun kan ṣoṣo ni kì í jẹ́ kó sùn dáadáa: bàbá rẹ̀.

Àlàájì Jàbárù, ọmọ Ìlọrin tó ń ta léèsì ní ọjà Wuse, tó kọ́lé sí Kubwa. Háà, èèyàn líle ni! Bó bá fẹ́ kọ̀ fún ènìyàn, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á fa fìlà wálẹ̀ síwájú orí, á ní, "Ó bùṣe!" Ẹni tó bá tún sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ara rẹ̀ ló ń dá lóró. Níyì ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ Kàbà, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́kàn ju géèmù lọ.

"Jẹ́ kí n wá kí wọn," Níyì a máa bẹ̀ ẹ́.

"Má dán an wò. Bàbá mi ò ní gbà."

"Ṣé o ti bi wọ́n ni?"

"Mo mọ bàbá mi."

Á wá fi ìtàn lé e: bí bàbá òun ṣe lé ayálégbé jáde, bó ṣe ní ẹ̀gbọ́n òun ò ní lọ sí Jos, bó ṣe ń wúkọ́, bó ṣe ń fa fìlà. Níyì a máa gbọ́, kò sì gbàgbé ọ̀kan.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ di líle. Ẹbí kan ní Ìlọrin ránṣẹ́ pé àwọn ń fẹ́ Rísíkàt fún Àbdùlsàmàd, ọmọ àwọn. Àlàájì pe ọmọ rẹ̀ jókòó. "N óò wá síbi ìpàtẹ iṣẹ́ yín. Mo fẹ́ fojú mi rí ohun tí ò ń kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, n óò fún àwọn ará Ìlọrin lésì." Rísíkàt mọ̀ pé bí ọjọ́ yẹn bá bàjẹ́, òun ti pàdánù Níyì nìyẹn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàtẹ, Níyì fà á lọ síwájú kọ̀ǹpútà. "Ìfẹ́ mi, wá wo ibi tí mo ṣe kẹ́yìn. O ò tíì rí i."

Nínú géèmù náà, ọ̀dọ́kùnrin kan ń lọ bá àyànfẹ́ rẹ̀ nínú ìlú olódi. Oníbodè kan jókòó lẹ́nu géètì. Bí ọ̀dọ́kùnrin náà ṣe súnmọ́ ọn, oníbodè wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó fa fìlà wálẹ̀ síwájú orí. "Ó bùṣe!"

Rísíkàt nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà. "Níyì! Bàbá mi nìyí!"

"Ṣé ó jọ wọ́n?"

"Ṣé orí ẹ pé? Bàbá mi ń bọ̀ níbí lónìí! Yọ ọ́ kúrò!"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Níyì. "Lónìí? O ò sì sọ fún mi?"

"Mi ò fẹ́ kí o jáde sí wọn ni."

"Rísí, wọ́n ti gba géèmù lọ́wọ́ wa lánàá, wọ́n ti tì í pa. Mi ò lè fọwọ́ kàn án mọ́. Mi ò sì fi wọ́n ṣẹ̀sín. Mi ò rí wọn rí. Ohun tí o sọ fún mi ni mo yà."

Rísíkàt gbá ara rẹ̀ lẹ́nu. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ó pinnu pé òun á darí bàbá òun gba ẹ̀gbẹ́ kejì gbọ̀ngàn. Ṣùgbọ́n Dókítà Akínọlá, olùkọ́ wọn, ti pàdé Àlàájì lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàbọ̀, Àlàájì. Àga tó dára wà níbí." Ta ló jókòó sídìí géèmù Níyì bí kò ṣe Àlàájì Jàbárù!

Àlàájì di páàdì tí wọ́n fi ń ta géèmù mú, ó rin ọ̀dọ́kùnrin náà dé ẹnu géètì. Oníbodè wúkọ́, ó fa fìlà. "Ó bùṣe!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Àlàájì ò rẹ́rìn-ín.

Ó gbé ẹ̀bùn fún oníbodè. "Ó bùṣe!" Ó bá a jà. "Ó bùṣe!" Ó mú kí ọ̀dọ́kùnrin náà dọ̀bálẹ̀. "Ó bùṣe!"

"Kai! Kí ni bàbá yìí ń fẹ́ gan-an?" Ó gbójú sókè. "Ta ló ṣe é?"

Níyì na ọwọ́.

"Ibo ni ọ̀nà wà?"

Dókítà Akínọlá mi orí sí Níyì pé kó ṣọ́ra. Níyì wo olùkọ́ rẹ̀, ó wo Rísíkàt. "Kò sí ọ̀nà, sà. Gbogbo ibi tó kù ló ní ọ̀nà, ibí yìí ni mi ò rí ọ̀nà ṣe. Mi ò mọ ohun tí yóò jẹ́ kí bàbá náà gbà."

"Níyìolúwa, òdo nìyẹn o," Dókítà Akínọlá wí, ó mí kanlẹ̀.

Àlàájì rọra gbé páàdì sílẹ̀. "Fìlà mi nìyí. Ikọ́ mi nìyí. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìyí. Ọmọ, níbo lo ti mọ̀ mí?"

Níyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín wáyà. "Ẹ foríjì mí, sà. Ẹ̀bi mi ni."

Rísíkàt rí i pé ó fẹ́ ru ẹrù náà lóun nìkan. Ara rẹ̀ ò gbà á. Ó kúnlẹ̀. "Irọ́ ni, Bàbá mi. Èmi ni mo sọ fún un. Olólùfẹ́ mi ni. Ó ti ń bẹ̀ mí tipẹ́ pé òun fẹ́ wá kí yín, èmi ni mo ní ẹ ò ní gbà."

Àlàájì yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé o lẹ́nìkan," Àlàájì wí. "Sàláwù tí a jọ ń tajà rí yín létí adágún. Mò ń retí kí ìwọ fúnra rẹ wá sọ." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Rísíkàt, ìgbà wo lo béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi tí mo kọ̀ fún ọ?"

Rísíkàt wá a títí. Ayálégbé ni wọ́n lé. Ẹ̀gbọ́n òun ni wọ́n kọ̀ fún. Òun ńkọ́? Iṣẹ́ géèmù yìí gan-an, wọ́n kùn, wọ́n sì gbà.

"Kò sí, Bàbá mi."

"Mo mọ̀ pé mo le. Ṣùgbọ́n ìwọ, ọmọ tí mo gbé pọ̀n, ṣé bí mo ṣe rí lójú rẹ nìyí? Ẹni tí kò sí ọ̀nà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Omi wà lójú Àlàájì. Rísíkàt kò rí irú rẹ̀ rí, ló bá bú sẹ́kún. "Ẹ má bínú. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì nífẹ̀ẹ́ yín, mi ò fẹ́ pàdánù ẹnì kankan. Mo wá ń béèrè báyìí, Bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á láyè."

Àlàájì nu ojú rẹ̀. Níyì ò gbórí sókè. Nígbà tó yá, Àlàájì dìde.

"Wọn kì í sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí lójú agbo. Ọmọ, dìde nílẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ká lọ sílé."

Nídìí ọkọ̀, Rísíkàt na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn iwájú. "Ẹ̀yìn ni tìẹ," Àlàájì wí. Níyì ló jókòó síwájú.

Wọ́n já sí ojú ọ̀nà Kubwa, ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ta ni bàbá rẹ? Iṣẹ́ kí ni wọ́n ń ṣe? Ta ló ń san owó fún ẹni tó ń ṣe géèmù? Níyì ń dáhùn bó ṣe yé e.

"Ìrun kíkí ọmọ mi ńkọ́?"

"Ìrun rẹ̀ ni, sà. Mi ò ní dí i lọ́wọ́ láéláé."

"N óò ṣì bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Kí wọ́n wá lọ́jọ́ Àìkú." Ó fa ọkọ̀ sọ́wọ́ òsì fún bọ́ọ̀sì kan. "Àwọn ará Ìlọrin, èmi ni n óò lọ bẹ̀ wọ́n. Ojú yóò tì mí díẹ̀, kò burú."

Rísíkàt fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹkún má baà tún jáde.

"Ó dára. Kí lo rí lára ọmọ mi?"

Rísíkàt fẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó sì panu mọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àléébù rẹ̀, sà," Níyì wí. "Ó máa ń gbẹnu ènìyàn sọ ohun tí ènìyàn kò tíì sọ."

Àlàájì bú sẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ̀wọ́ ọkọ̀. "Yauwa! O mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Máa sọ ọ́ lọ, ọmọ mi."