Ẹ̀jẹ̀ Oṣù Mẹ́ta

Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan di ojú rẹ̀ pinpin lórí àga yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó na apá ọ̀tún bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gé lápá, òógùn sì ń ṣàn níwájú orí rẹ̀. Káfíńtà ni. Ayùn oníná kò bà á lẹ́rù rí, àmọ́ abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ti sọ ọ́ di ọmọdé.

"Mo ti ṣe tán," ni obìnrin kan wí.

"Ẹ ti fa ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún?"

"Látìgbà tẹ́ ẹ ti ń gbàdúrà."

Ó lajú. Obìnrin tó ń ṣàyẹ̀wò náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, eyín iwájú rẹ̀ kan gorí èkejì díẹ̀. Ká má parọ́, ojú ẹsẹ̀ ni ọkàn ọkùnrin náà fà sí i.

Àtọ̀gbẹ ló gbé e wá. Ọdún mẹ́rin ló ti ń lo oògùn, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì yé gòkè. Dókítà tuntun tó ń tọ́jú rẹ̀ báyìí kò sáré mú bírò láti kọ oògùn. Odidi wákàtí kan ló fi bi í léèrè: wákàtí mélòó ló ń sùn? Kí ló ń jẹ, ta ni wọ́n sì jọ ń jẹ ẹ́? Káfíńtà ní búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò ni, lórí tábìlì iṣẹ́, òun nìkan, látìgbà tí ìyá òun ti kú.

"Wàá ṣì máa lo oògùn rẹ," ni dókítà wí, "ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ wá ohun tó ń fa àìsàn yìí rí."

Oorun, ìrìn, oúnjẹ gidi, àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Káfíńtà wá fẹ́ràn abẹ́rẹ́.

"Àǹtí Abẹ́rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ọ̀gá Dijúdijú, ẹ jókòó. Ṣé ẹ sùn?"

"Mo sùn. Mo tún lálàá yín."

"Ìyẹn ò sí nínú fọ́ọ̀mù wa."

Ara rẹ̀ ń yá. Nígbà tó yá, dókítà ní bí àyẹ̀wò tó kàn bá tún dára, ó di oṣù mẹ́fà kó tó padà wá. Inú ẹlòmíràn ì bá dùn, àmọ́ àyà tiẹ̀ já. Láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, ọlọ́gbọ́n wa mu ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì lẹ́bàá ọ̀nà, ó nu ẹnu, ó wọlé. Ṣúgà rẹ̀ fò sókè. Ó tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà sì fẹ́ fi oògùn mìíràn kún un.

Obìnrin náà ní kí dókítà ṣe sùúrù. Àyẹ̀wò kan wà tó ń fi bí ṣúgà ti rí láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn. Ó ṣe é, èsì rẹ̀ dára: a jẹ́ pé láàárọ̀ àyẹ̀wò nìkan ni ṣúgà ń fò sókè. Ó pe káfíńtà sí kọ̀rọ̀.

"Kí lẹ mu kẹ́ ẹ tó wá?"

Ó wolẹ̀. "Ẹlẹ́rìndòdò ni. Oṣù mẹ́fà láìrí yín ti pọ̀ jù."

Ó rò pé obìnrin náà á rẹ́rìn-ín ni, àmọ́ ẹkún ló bú sí.

"Àìsàn yìí ló pa bàbá mi! Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi parọ́ fún dókítà àti fún màmá mi. Màmá mi ò fẹ́ kí n fẹ́ ẹni tó bá ní in, mo sì ti ń wá bí n ó ṣe bẹ̀ wọ́n nítorí ẹ. Lọ sọ òótọ́ fún dókítà. Má wá sọ́dọ̀ mi mọ́."

Ó sọ òótọ́. Dókítà bá a wí gan-an, ó sì ní kó lọ di oṣù mẹ́fà.

Káfíńtà ń sùn lásìkò, ó ń se ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ fúnra rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, á rìn dé orígun òpópónà ilé ìwòsàn, á dúró díẹ̀, á yí padà. Àárò ń sọ ọ́ débi pé ó ń gé pákó láìwọ̀n ọ́n. Obìnrin náà ń wo ẹnu ọ̀nà ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ tí káfíńtà máa ń wá tẹ́lẹ̀. Ìbínú rẹ̀ ti lọ, ìfẹ́ kò lọ. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

Ní Sátidé, ìyá náà mú ọmọ rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ó ní kó dúró síta.

"Èmi ni ìyá ọmọ tó ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ," ó wí. "Ṣé àìsàn náà ti lọ pátápátá?"

Káfíńtà mọ ìdáhùn tó lè fún òun níyàwó. Ó gbé ayùn sílẹ̀.

"Rárá, Màámi. Ó ti rọlẹ̀, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Tí mo bá fọwọ́ dẹngbẹrẹ mú un, á padà. Ó lè jẹ́ títí ayé mi ni n ó máa ṣọ́ ọ."

Obìnrin àgbà náà jókòó sórí pákó kan.

"Ọkọ mi máa ń sọ pé ó ti lọ," ló wí, ó nu ojú rẹ̀, ó sì kọjú síta. "Ọmọ mi, wọlé wá."

Ó wọlé. Káfíńtà kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí.

"Àárò rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

"Èmi náà."

"Ṣé wàá fẹ́ mi, pẹ̀lú ohun tó wà lára mi?"

"Màá fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí kò bá dára, èmi ni kó o kọ́kọ́ sọ fún."

"Ìwọ ni màá kọ́kọ́ sọ fún," ni káfíńtà wí, níṣojú ìyá obìnrin náà.