Ìlà Kẹrin Tí Kò Lórúkọ

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe àlọ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan gbọ́ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Obìnrin náà wà ní Sakété títí di òní, ó ṣì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ lè gbé tiyín lọ fún un bó bá ń gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ má bi í léèrè ọ̀rọ̀ yìí. Kò ní dá yín lóhùn.

Morẹ́nikẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Hermann ni ọkọ rẹ̀. Hermann ń bá àwọn àgbẹ̀ wọn ilẹ̀ ní Pobè, ọjọ́ Ajé ni í lọ, ọjọ́ Ẹtì ni í padà sílé. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni. Kì í kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Bó bá fẹ́ wẹ̀ pàápàá, yóò kọ́kọ́ pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù kó tó bu omi. Morẹ́nikẹ́ á ní ẹjọ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí oyún Morẹ́nikẹ́ wọ oṣù kẹjọ, ọjọ́ Ẹtì kan dé, Hermann kò dé. Basile àbúrò rẹ̀ ló wá, ó gbé kọ̀ǹpútà Hermann dání. Ó ní wọ́n ti gbé ẹ̀gbọ́n òun lọ sí Parakou fún iṣẹ́ ilẹ̀ ńlá kan, yóò tó oṣù méjì níbẹ̀. Ó ní Hermann ní kí ìyàwó òun bá òun wo kọ̀ǹpútà náà, ó ń gbóná jù. Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Morẹ́nikẹ́ rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

"Kí ló dé tí kò pè mí, ọkọ mi kékeré?" Bó ṣe máa ń pe Basile nìyẹn, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ.

"Rẹ́sò fóònù ibẹ̀ kò dáa, ìyàwó wa. Yóò máa kọ̀wé."

Lóòótọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti orí fóònù Hermann ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ara mi le. Tọ́jú ara rẹ. Jẹun dáadáa. Bí Morẹ́nikẹ́ bá pè é padà, kò ní gbé e. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ṣáájú èyí, tìṣọ́ratìṣọ́ra ni gbogbo ilé fi ń bá a sọ̀rọ̀, òun náà kò sì fẹ́ da ara rẹ̀ láàmú. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́. Ó fẹ́ fojú kan ọkọ rẹ̀ kí ọmọ tó dé.

Yàrá kan nínú àgbàlá ilé ọkọ rẹ̀ ni ó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ó tú kọ̀ǹpútà náà níbẹ̀. Ó gbọn eruku inú fáànù dànù, ó nu ọ̀rá tó ti gbẹ lórí ọpọlọ ẹ̀rọ, ó fi tuntun sí i. Lẹ́yìn náà ó ṣí ètò tó fi ń wo ooru. Inú kọ̀ǹpútà ní àwọn ojú kéékèèké tó ń wọn ooru. Ètò náà á máa ka iye dígírì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rí, á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Ìlà kìíní ni ọpọlọ ẹ̀rọ. Ìlà kejì ni dísìkì. Ìlà kẹta ni bátìrì. Kò sí èyí tó dé àádọ́ta nínú wọn, ara ẹ̀rọ ti yá.

Ìlà kẹrin wà lábẹ́ wọn. Kò ní orúkọ. Mẹ́rin ló kọ síbẹ̀.

Morẹ́nikẹ́ kò kọ́kọ́ kà á sí. Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ètò máa ń rí ojú tí kò sí nígbà mìíràn. Kò so mọ́ nǹkan kan, á wá máa pe iye tí kò ṣeé gbà gbọ́, bíi mẹ́tàdínláàádóje, iye náà kò sì ní yẹ̀ láéláé. Irọ́ ẹ̀rọ ni, ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n èyí ń yí. Mẹ́rin. Márùn-ún. Ó tún di mẹ́rin. Bí firíìjì tó ń sinmi tó sì tún ń dìde ló rí.

Ó wo ohun èlò tó fi ń wọn ooru yàrá, tó so mọ́ ògiri. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ọ̀sán gangan ni, àkókò tí àwọn àgbà ní kí ọmọdé má ṣe rìn. Kò sí ariwo níta. Àní ewúrẹ́ kò ké. Ó ronú sí i. Fáànù kò lè mú ẹ̀rọ tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, òfin iṣẹ́ ni. Kò sí ohun tó jẹ́ dígírì mẹ́rin nínú yàrá yẹn. Ó tún ẹ̀rọ náà tú, ó fi ìka tọ́ gbogbo ara rẹ̀ wò. Kò rí ibi tó tutù. Ó ka àwọn ojú náà. Mẹ́ta ni.

Ó dé e padà. Kò pa á mọ́. Ó ní òun yóò máa wò ó.

Aurore ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé. Ilé ìwòsàn kékeré kan ni ó ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń tọ́jú àjẹsára àwọn ọmọ. Ó yà wò ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó rí ìlà kẹrin, ó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ara firíìjì àjẹsára wa lo so ó mọ́ ni? Mẹ́rin yìí náà là ń tọ́jú tiwa sí."

Morẹ́nikẹ́ bá a rẹ́rìn-ín. Ó bi í pé kí ni wọ́n tún ń tọ́jú sí mẹ́rin. Aurore la ẹnu láti dáhùn. Ó pa á dé. Ó wo ikùn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó ní òun gbàgbé ọbẹ̀ sórí iná. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ dé, ọbẹ̀ wo ló wà lórí iná?

Morẹ́nikẹ́ kì í ṣe ọmọdé, ó mọ ohun mìíràn tí wọ́n ń gbé sí irú òtútù bẹ́ẹ̀. Ó lé èrò náà dànù. Ó jáde lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀ nínú àgbàlá, ó bi í bóyá ó ti gbúròó Hermann. Ìyá ní ara ọmọ òun le, ó ń pe òun láràárọ̀ kí oòrùn tó yọ. Ó ní bí irọ́ bá ni òun ń pa, kí ọmọ inú Morẹ́nikẹ́ má ṣe pe òun ní ìyá àgbà. Ta ni kò ní gba irú ìbúra bẹ́ẹ̀ gbọ́? Ìdí tí Hermann fi lè pe ìyá rẹ̀ tí kò lè pe ìyàwó rẹ̀, Morẹ́nikẹ́ kò bèèrè. Ẹ̀rù ìdáhùn ló ń bà á.

Ọjọ́ Sátidé kan dé. Gbogbo ilé jí wọṣọ. Wọ́n ní Fáṣínà, ìbátan wọn kan ní Pobè, ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ. Wọ́n ní ọ̀nà kò dára fún aboyún. Ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò lọ. Orí ń fọ́ òun, ló wí. Nígbà tí wọ́n jáde tán, ó ti géètì, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀. Wọn kì í ti géètì yẹn lọ́sàn-án.

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìlà kẹrin gbéra. Mẹ́fà. Mọ́kànlá. Mọ́kàndínlógún. Morẹ́nikẹ́ dìde dúró. Ó wò ó títí ó fi dé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó dúró síbẹ̀.

Wọ́n ti gbé e jáde sínú oòrùn.

Kò mọ bí òun ṣe mọ̀. Ó jáde sí àgbàlá. Ìyá ń fọ ìkòkò. Ó ti fọ ìkòkò kan náà yẹn láàárọ̀.

"Ìyá, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Níbo lò ń lọ?"

"Pobè. Mo fẹ́ rí ọkọ mi."

"Parakou ni ọkọ rẹ wà."

Ìyá kò gbójú sókè. Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀ pẹ̀lú ikùn ńlá náà. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní alùpùpù zẹ́mìjàn kan yóò gbé òun débẹ̀ kí wákàtí kan tó pé, òun kò ní sunkún, òun kò ní sọ̀rọ̀, òun kàn fẹ́ wo ojú rẹ̀ ni. Ìyá fi ọwọ́ tútù di etí ìró rẹ̀ mú, ó sì ń fi ọwọ́ kejì fọ ìkòkò lọ.

Ó pe Aurore. Aurore gbé e. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ gbọ́, orin ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti ohùn ọkùnrin kan tó ń kàwé ketekete. "Mo wà níbi iṣẹ́," ni Aurore wí, ó sì gé e.

Morẹ́nikẹ́ padà sídìí ẹ̀rọ. Kò sí ibòmíràn tó lè lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn aago méjìlá, ìlà kẹrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ọgbọ̀n. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó dé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó dúró. Oòrùn le sí i, iye tó wà lára ohun èlò ara ògiri gòkè sí i, ìlà kẹrin kò mira. Kànga ni bàbá Morẹ́nikẹ́ ń gbẹ́ ní Ita-Djèbou nígbà ayé rẹ̀. Òun ló sọ fún un nígbà tó wà lọ́mọdé pé bí ènìyàn bá ti gbẹ́ ilẹ̀ kọjá orí ara rẹ̀, oòrùn kò débẹ̀ mọ́: ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òjò ni o, bákan náà ni ibẹ̀ máa ń rí.

Ìgbà yẹn ni orí fífọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ yé e. Òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀ lọ sí ibojì.

Ó dùn ún. Ikú dùn ún, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú nìkan. Gbogbo ẹni tó ń bá a jẹun ló mọ̀. Wọ́n ń wo ojú rẹ̀, wọ́n ń kí i kú oyún, wọ́n sì mọ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Nígbà tí wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé ìrẹsì wá fún un, wọ́n ní ìgbéyàwó dùn. Fóònù rẹ̀ dún. Ara mi le, jẹun dáadáa. Ó gba ojú fèrèsé wo ìta. Basile dúró sábẹ́ igi máńgòrò, fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Morẹ́nikẹ́ jẹ ìrẹsì náà. Ọmọ ni kò fẹ́ pàdánù.

Ó bí ọmọkùnrin ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Lẹ́yìn ìkómọ, Bàbá Ògúnlékè, ẹ̀gbọ́n bàbá Hermann, kó àwọn ẹbí wá sí yàrá rẹ̀. Aurore bá wọn wá. Wọ́n gbé omi fún un mu. Bàbá fi ohùn jẹ́ẹ́ jẹ́ẹ́ sọ ọ́: alùpùpù ló gbé Hermann ṣubú lọ́nà Pobè, ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tí kò padà wálé yẹn. Wọn kì í túfọ̀ fún aboyún. Wọn kò fẹ́ kí òfò di méjì.

Morẹ́nikẹ́ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ọjọ́ Sátidé yẹn, aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ gbé e jáde. Ó kù díẹ̀ kí aago kan lù, ẹ ti bò ó."

Basile bi í ta ló sọ fún un. Morẹ́nikẹ́ ní òun mọ àṣà, òun kò bá wọn jà lórí àṣà. Ó ní títì tí wọ́n ti òun mọ́lé ni kò ní tán lọ́kàn òun. Lẹ́yìn náà ó ní ọ̀kan ṣoṣo ni òun fẹ́ bi wọ́n.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Sátidé yẹn, láti aago kan sí aago méjì ọ̀sán, ẹ gbé e jáde. Níbo lẹ gbé e lọ?"

Ẹ̀yìn ìsìnkú ló rí i, nígbà tó ń ka ohun tí ètò kọ sílẹ̀. Ìlà kẹrin kò rọra gòkè lọ́jọ́ yẹn. Aago kan lù, mẹ́rin di mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Aago méjì lù, ó padà di mẹ́rin. Ó ṣí ìwé tó máa ń kọ ooru ṣọ́ọ̀bù sí lọ́sọ̀ọ̀sán, ó wo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó rántí ọ̀sán náà. Orí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ló ti sùn, ilẹ̀kùn wà ní títì. Nígbà tó la ojú, ọmọ inú rẹ̀ tí kì í sinmi ti dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó ń fi ọwọ́ wá a kiri ikùn, ẹ̀rù ń bà á, títí ó fi tún ta ẹsẹ̀.

Àwọn ẹbí wo ara wọn. Basile ní kò sí ẹni tó gbé e jáde. Ó ní òun wà ní ilé ìgbókùúsí lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, òun gbé aṣọ tí wọn yóò fi wọ̀ ọ́ lọ, ilẹ̀kùn wà ní títì gbọingbọin, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́dọ̀ òun. Aurore ń sunkún, ó ní òótọ́ ni, òun bá Basile lọ. Ìyá Hermann kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ tuntun náà, ó fi í búra pé ẹnikẹ́ni kò gbé ọmọ òun kúrò níbi tó wà títí di ọjọ́ ìsìnkú.

Morẹ́nikẹ́ wo ọwọ́ náà lórí ọmọ rẹ̀. Ó rọra gbé e kúrò.

Ó fẹ́ gbà wọ́n gbọ́. Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ, a jẹ́ pé Hermann wá sílé. Bó bá jẹ́ pé irọ́ ni, a jẹ́ pé ohun mìíràn ṣì wà tí wọ́n ń fi pamọ́ fún un. Ó wo gbogbo ojú tó wà nínú yàrá náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí òun lè bi. Kò rí.