Ilé Tí Gúrù Wọ̀ Sí

Bíríkì já lé Bachint Kaur lẹ́sẹ̀, kò ké. Ó wo ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ lábẹ́ èékánná bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, ó sì tún na ọwọ́ kí wọ́n gbé òmíràn fún un.

"Bíbí, ṣé kò dùn yín ni?" Ọkùnrin tó ń já bíríkì lórí ọkọ̀ ló bi í. Harnek Singh ni, ọmọ ìran gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹni tí yóò ṣe igi òrùlé ilé Gúrù tuntun, ilé ìjọsìn abúlé wọn.

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀ kẹ̀? Èmi tí mo jù ú gan-an, ó ń dùn mí níbí."

Ẹ̀rín fẹ́ wá, kò dé ẹnu. Láti ìgbà tí kànga ti wó pa ọkọ rẹ̀, ohun kan kì í jáde lára rẹ̀ mọ́, ẹkún tàbí ẹ̀rín. Àwọn ará abúlé Jandkot ń yìn ín pé ó ní ìfaradà. Kì í ṣe ìfaradà. Òfìfo ni.

Ilé Gúrù àtijọ́ ti gbó. Àgbẹ̀ kan, baba ńlá ọkọ Bachint, ló fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún un. Baba ńlá Harnek ló gbé òrùlé lé e. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ Punjab sí orílẹ̀-èdè méjì, inú rẹ̀ ni àwọn tó sá wá láti ìhà kejì sùn sí. Bachint wà lára wọn, ọmọdébìnrin tí baba rẹ̀ kú sójú ọ̀nà. Ní báyìí, ògiri ti là débi pé ọwọ́ ń wọ̀ ọ́. Ìjọ pinnu láti wó o, kí wọ́n tún un kọ́.

Ojoojúmọ́ ni Harnek ń bá a sọ̀rọ̀ nídìí bíríkì. Ojoojúmọ́ ni Bachint ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá a lóhùn.

"Mo nífẹ̀ẹ́ yín," ni Harnek wí lọ́jọ́ kan.

"Opó ni mí."

"Mo mọ̀."

"Inú mi ti kú."

"Ẹ jẹ́ ká jọ jókòó tì í nígbà náà."

Santokh Singh, baba ọkọ rẹ̀, gbọ́. Èrò tirẹ̀ ni pé Jagir, àbúrò olóògbé, ni yóò ṣú opó náà, kí ilẹ̀ ọmọ rẹ̀ má bàa bọ́ sọ́wọ́ ará ìta. Ó dá Harnek dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Gbẹ́nàgbẹ́nà, bí o bá tún fi ẹsẹ̀ kan ìloro mi, màá kán an."

Ó yíjú sí Bachint. "Bí Jagir bá ti ibi iṣẹ́ ológun dé, a ó da aṣọ bò yín, ẹ ó sì di tọkọtaya."

"Ó dáa, Bàbá." Bí ẹni ní kí wọ́n bu tíì sí i ni ó ṣe dáhùn.

Kí wọ́n tó wó ilé àtijọ́, Ìwé Mímọ́, tí í ṣe Gúrù fúnra rẹ̀, gbọ́dọ̀ rí ibi wọ̀ sí. Gbogbo ìdílé ló ń du ọlá náà. Santokh ló kọ́kọ́ dìde.

"Yàrá ńlá mi ni!"

Wọ́n gbé Ìwé náà lé orí, wọ́n rìn láìwọ bàtà, wọ́n ń wọ́n omi sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Santokh gbé àyà sókè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Harnek dé ẹnu ọ̀nà. Santokh fa ọ̀pá yọ.

"Ta lẹ fẹ́ lù?" ni òǹkàwé Ìwé ké láti inú yàrá. "Ilé yín kọ́ nìyí mọ́ o, ilé Gúrù ni. Ilé Gúrù kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni."

Santokh kò ro ibẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Baba Jagir, ẹ du ọlá, ọlá ti jókòó tì yín."

Harnek bọ́ bàtà, ó wọlé, ó forí balẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ dé, orí ẹní kan náà ni òun àti Santokh jókòó sí. Bachint ń pín búrẹ́dì rótì. Bẹ́ẹ̀ ni Harnek ń wá láràárọ̀.

Jagir dé. Níbi ìjókòó ẹbí ni wọ́n ti ń da aṣọ bo opó, wọn kì í bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ilé ti di ti Gúrù, àdúrà gbọ́dọ̀ ṣáájú. Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀. Àdúrà tí wọ́n bá gbà níwájú Ìwé kò ṣeé yí padà, Bachint mọ̀.

"Ẹ dúró. Mi ò fẹ́."

Ohùn ara rẹ̀ ṣe é ní kàyéfì. "Mi ò lè purọ́ níwájú Gúrù. Harnek ni mo fẹ́. Ọkàn mi kò tíì jí tán. Ṣùgbọ́n bí kò bá tètè dé láàárọ̀, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń wò. Ilẹ̀ yín nìyẹn, Bàbá. Mi ò ní mú un lọ."

Jagir mí kanlẹ̀. "Bàbá, ẹ ní ó ti gbà! Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni mo mọ̀ ọ́n sí. Ẹ dákun, ẹ fi wá sílẹ̀."

"Gbẹ́nàgbẹ́nà!" ni Santokh wí.

"Ta ló gbé òrùlé lé ilé tí ẹ fi ń yangàn?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

Santokh wo Ìwé náà, ó sì fi aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Nínú yàrá kan náà ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó, nígbà tí ògiri tuntun kò tíì ga dé orúnkún. Nítorí Bachint kò ní baba, Santokh ló mú etí ìborùn ọkọ ìyàwó lé e lọ́wọ́. Bachint di í mú, ó tẹ̀ lé Harnek yí Ìwé náà ká lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọwọ́ rẹ̀ ń làágùn. Ó mọ̀ ọ́n lára.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, Santokh dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ohun kan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ni yóò máa po tíì mi láàárọ̀?"

"Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, Bàbá."

"Nílé gbẹ́nàgbẹ́nà?"

"Ibẹ̀ náà ni."

Ó fa irùngbọ̀n rẹ̀ díẹ̀, ó wolẹ̀.

"Kó o fi ṣúgà sí i dáadáa."