Ohun Tí Akọ̀wé Ń Ṣà Jẹ Lábẹ́ Bẹ́ǹṣì

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí ohun tó yàtọ̀ nílé Ẹnjiníà. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣe irun. Ọmọ wọn tí gbogbo ilé ń pè ní Kékeré ń rákòrò káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wá ohun tí yóò fà wó lulẹ̀. Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ti jókòó ti bẹ́ǹṣì iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti tú inú rédíò kan palẹ̀. Kò sí yunifásítì kankan tó fún un lóyè Ẹnjiníà o, àdúgbò ló fi dá a lọ́lá, nítorí pé fáànù tó bá ti kú, tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn án, á dìde.

Ìyá ìyàwó rẹ̀, Màmá, ti ẹ̀yìnkùlé yọ pẹ̀lú abọ́ omi lọ́wọ́. Lójoojúmọ́, bí Màmá bá ti yọ báyìí, pẹ́pẹ́yẹ méjì ni yóò tò tẹ̀ lé e. Akọ ń jẹ́ Alága, torí pé bó ṣe máa ń yan, bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣí ìpàdé ni. Abo ń jẹ́ Akọ̀wé, òun ló máa ń tẹ̀ lé Alága lẹ́yìn, tí yóò sì máa sọ̀rọ̀ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ yìí, Alága nìkan ló tẹ̀ lé Màmá.

"Ṣé ẹ rí Akọ̀wé?" Màmá bi í.

"Kò sí lábẹ́ bẹ́ǹṣì mi, Màmá. Bóyá ó wà nípàdé."

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó yí padà sẹ́yìnkùlé.

Ẹni tí kò bá mọ bí Màmá ṣe rí nígbà tó kọ́kọ́ dé ilé yìí kò lè mọ ohun tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ wọ̀nyí jẹ́ fún un. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó kó wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ìdí fèrèsé ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀ di alẹ́. Oúnjẹ kò wọlé fún un dáadáa. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í sọ pé òun fẹ́ padà sí yàrá tí òun ń dá gbé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló fún un ní ọmọ pẹ́pẹ́yẹ méjì, èyí tí kò tíì hu ìyẹ́ gidi. Nínú páálí ni Màmá ti tọ́ wọn. Ẹnjiníà fa gílóòbù sí i kí òtútù má baà pa wọ́n, torí kò sí ìyá tí yóò ràdọ̀ bò wọ́n. Omi tí kò jìn ni Màmá kọ́kọ́ ń fún wọn kí wọ́n má baà rì. Nígbà tí wọ́n dàgbà, ó wá abọ́ tó jìn tó kí wọ́n lè ti imú bọ inú rẹ̀. Látìgbà náà, kò dárúkọ yàrá rẹ̀ mọ́. Ó ń jẹun, ó ń kọrin, ó sì ń bá pẹ́pẹ́yẹ jà bí ẹni tí ń bá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ wí.

Ẹnjiníà kọ́kọ́ ń ráhùn nítorí omi tí wọ́n ń dà sílẹ̀. Nígbà tó yá, òun gan-an ló di ọ̀rẹ́ wọn. Abẹ́ bẹ́ǹṣì rẹ̀ ni wọ́n máa ń sùn sí lọ́sàn-án. Bó bá fi irin gbígbóná yọ́ lẹ́ẹ̀dì láti fi so wáyà, tó wá gbọn irin náà, lẹ́ẹ̀dì á ta sílẹ̀ wínníwínní, á máa dán. Akọ̀wé á sáré sí i. Bí Ẹnjiníà bá ní oníbàárà lọ́dọ̀, ó tilẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbọn ọ́n, á ní, "Akọ̀wé, wá gba owó oṣù rẹ!" Oníbàárà á rẹ́rìn-ín títí. Gbogbo wọn rò pé eré ló ń ṣe.

"Bàbá Kékeré! Ẹ wá o!" Màmá ké láti ẹ̀yìnkùlé.

Ẹnjiníà sáré dé ẹ̀yìnkùlé. Akọ̀wé wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, apá rẹ̀ méjèèjì wó lulẹ̀. Nígbà tí Màmá gbé e dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á, ó ṣubú síwájú. Ìgbẹ́ rẹ̀ tó wà nílẹ̀ ń ṣe àwọ̀ ewé. Nígbà tí Màmá gbé e mọ́ra, ó rí i pé ó ti fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Màmá, ẹ má bínú o, mo sọ ọ́," ni Ẹnjiníà wí. "Búrẹ́dì tí ẹ ń já fún un lówùúrọ̀ yẹn ni. Mo ní ẹ yé fún un."

Ojú Màmá yí padà. "Èmi ni mo pa á?"

"Kò tíì kú. Mo ní kápúsù kan tó ṣẹ́kù nínú ilé, ẹ jẹ́ ká tú u sómi fún un."

"Kápúsù tí wọ́n fún yín nígbà tí eyín ń dùn yín? Ẹ gbé páálí wá, ká lọ rí dókítà ẹranko." Ó ń sọ ọ́, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó pọn Kékeré, ọkọ ọmọ rẹ̀ gbé páálí, wọ́n jáde. Ní gbogbo ọ̀nà, Màmá kò yé tún un wí: "Búrẹ́dì. Búrẹ́dì lásán-làsàn." Ẹnjiníà gbọ́ ọ, ó sì jẹ́ kó máa wí i.

Obìnrin kan ni dókítà ẹranko, kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó fọwọ́ tẹ àyà Akọ̀wé, ó wo ojú rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé e lọ ya fọ́tò inú. Nígbà tó padà, ó na fọ́tò náà sí ìmọ́lẹ̀.

"Ẹ wo ibí yìí. Iwe rẹ̀ nìyí. Àwọn ohun funfun tó wà nínú rẹ̀, irin ni. Ìrísí òjé, tí wọ́n ń pè ní lẹ́ẹ̀dì, ló ní."

"Ṣé búrẹ́dì lè di irin ni?" Màmá bèèrè.

"Rárá, Màmá. Búrẹ́dì kò dára fún un lóòótọ́. Ó kàn máa ń kún un nínú ni, kò ní ohun tí egungun àti ìyẹ́ rẹ̀ ń fẹ́. Oúnjẹ pẹ́pẹ́yẹ gan-an ló yẹ ẹ́, pẹ̀lú ewé tútù tí a gé wẹ́wẹ́ àti omi mímọ́. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì kọ́ ló dá a dùbúlẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ kò ní eyín. Òkúta wẹ́wẹ́ ló máa ń gbé mì kí iwe rẹ̀ lè fi lọ oúnjẹ. Bó bá rí ohun kékeré tó ń dán, ó lè gbé òun náà mì. Bí ó bá jẹ́ òjé, iwe á máa lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, á sì sọ iṣan di aláìlágbára. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe nílé?"

Màmá ní, "Èmi ti fẹ̀yìn tì."

Dókítà wo Ẹnjiníà. Ẹnjiníà ti mọ ohun tó wà nínú fọ́tò yẹn kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Ó lè ní òun kò mọ nǹkan kan. Màmá á máa lọ sílé pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́kàn, kò sì sẹ́ni tí yóò bi í.

"Lẹ́ẹ̀dì mi ni," ó wí. "Èyí tí mo fi ń jó wáyà. Mo máa ń gbọn ọ́n sílẹ̀, ó máa ń sáré sí i. Èmi ni mo ń pè é. Mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́." Ó kọjú sí ìyá ìyàwó rẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin kọ́. Èmi ni. Ẹ dárí jì mí."

Màmá yí ojú kúrò lára rẹ̀. Ó ń wo Akọ̀wé.

"A máa fún un lábẹ́rẹ́ tí yóò fa òjé náà jáde lára," ni dókítà wí, "a ó sì gbìyànjú láti fọ ìyókù kúrò nínú iwe rẹ̀. Ẹ tètè gbé e wá, torí náà ìrètí wà. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan. Ṣé ó ti ń yé ẹyin?"

"Ó ń yé dáadáa," ni Màmá wí.

"Ta ló ń jẹ ẹ́?"

Màmá fọwọ́ kan Kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ti ki ọwọ́ bọnu. "Èyí ni mo máa ń sè é fún."

Dókítà rọra gbé fọ́tò kalẹ̀.

"Òjé máa ń bá ẹyin jáde," ó wí. "Ẹ má jẹ ọ̀kan mọ́ nínú ẹyin rẹ̀. Ẹ kó èyí tó wà nílé dànù. Ọmọ yìí pẹ̀lú sì ń rákòrò nílẹ̀ tí lẹ́ẹ̀dì ń ta sí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹ má dúró kó ṣàìsàn o. Òjé lè máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ láìjẹ́ pé ibà kankan mú un. Láti ibí, ọsíbítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún òjé."

Ọsíbítù ni ìyàwó Ẹnjiníà ti bá wọn, irun oníbàárà ṣì lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ro gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́.

"Bàbá Kékeré, inú ilé wa," ló ṣáà ń wí. "Inú ilé tí ọmọ ń gbé."

Ẹnjiníà jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, òjé wà lára Kékeré lóòótọ́. Kò tíì pọ̀ dé ibi tí wọ́n á fi fún un lóògùn, ṣùgbọ́n ó ju ohun tí ó yẹ kó wà lára ọmọ ènìyàn lọ. Dókítà ọsíbítù sọ fún wọn pé wọ́n gbọ́dọ̀ mú òjé kúrò nítòsí rẹ̀ kíákíá, kí wọ́n máa fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó jẹun, kí wọ́n fún un ní oúnjẹ tó ṣara lóore, kí wọ́n sì gbé e padà wá fún àyẹ̀wò mìíràn. Ó ní kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà ní báyìí pé nǹkan kan kò ṣe ọpọlọ rẹ̀. Àwọn á máa ṣọ́ ọ bó ṣe ń dàgbà.

Ẹnjiníà kò dúró di ọjọ́ kejì kó tó tú bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ó ha iyẹ̀pẹ̀ ẹnu ọ̀nà kúrò, ó bu ọ̀tun sí i. Kò gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní gbígbẹ, kí eruku má baà gbé òjé káàkiri. Aṣọ tútù ló fi nù ún, ó nù ún, ó tún un nù. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà, ó sì ń gbọn irin rẹ̀ sínú agolo tó ní ìdérí. Kò wọ aṣọ iṣẹ́ wọlé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbé Kékeré láìtíì fọ ọwọ́. Ó tún ṣe ọgbà fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ ní ẹ̀yìnkùlé, ó ṣa ìṣó àti wáyà kúrò nílẹ̀ rẹ̀ kó tó jẹ́ kí wọ́n wọ ibẹ̀.

Akọ̀wé padà wálé láti ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Ó ń tiro díẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì dín. Alága pariwo títí tí aládùúgbò fi yọjú. Màmá tó ti ń bá ọkọ ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ gbẹ́rẹ́fu láti ọjọ́ yẹn wò ó bó ṣe kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tó ń pààrọ̀ omi.

"Bàbá Kékeré," ó wí, "omi yẹn kò jìn tó. Imú wọn gbọ́dọ̀ rì. Ó jọ pé ẹ̀kọ́ yín kò tíì tán."

"Mo ń gbọ́, tíṣà."

Màmá rẹ́rìn-ín. Ara Ẹnjiníà fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àyẹ̀wò kejì fi hàn pé òjé ara Kékeré ti lọ sílẹ̀. Inú wọn dùn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò, bàbá rẹ̀ ló sì máa ń gbé e lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin pẹ́pẹ́yẹ nílé, inú wa dùn sí i. Ẹranko tó ń múnú ẹni dùn ni. Ẹ fún un lómi mímọ́, ẹ fún un lóúnjẹ tó yẹ ẹ́, ẹ máa fọ ọwọ́ yín bí ẹ bá fọwọ́ kàn án tán. Bó bá ṣàìsàn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀, ẹ fi kápúsù yín sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi òjé ṣiṣẹ́ nínú ilé, ìbáà jẹ́ rédíò, bátìrì tàbí ọ̀dà àtijọ́ lẹ ń fọwọ́ kàn, ẹ kó o jáde lónìí. Kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ wo ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ yín bí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó kéré jù nílé yín lè ti ń gbé e sẹ́nu.