Agolo Tí Kì Í Tán

Kílò méjì ló fi pọ̀ sí i. Ìyá Àwárí sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwọ̀n, ó mí kanlẹ̀, ó tún gùn ún padà. Kílò méjì náà ni, kò yẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ ń jẹ?" Nọ́ọ̀sì rọra béèrè, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, gbogbo àwọn tó jókòó síta sì ń gbọ́.

"Ohun tẹ́ ẹ fún mi náà ni. Ife mẹ́ta lóòjọ́. Omi àti ìyẹ̀fun inú agolo."

"Ìyẹ̀fun yẹn ò ní ṣúgà, kò sì lọ́ràá. Ẹni tó ń mu ún fọ́jọ́ mẹ́wàá ò lè sanra sí i." Nọ́ọ̀sì ṣí fáìlì. "Ẹ̀dọ̀ yín gbọ́dọ̀ sún kì kí dókítà tó lè ríbi gbà dé àpò ikùn tó fẹ́ gé kù kẹ́ ẹ lè fọn. Tẹ́ ẹ ò bá fúyẹ́ títí di ọjọ́ Ajé, a ò ní lè ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn."

Ojú Ìyá Àwárí ti bọ́ sórí fọ́ọ̀mù inú fáìlì. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìdí tó fi fẹ́ iṣẹ́ abẹ, ìlà kan péré ló wà níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ogún ọdún tó jọ ọ́ bí ìmumu, ló bá a kọ ọ́: Ara yìí ń tì mí lójú. Ìyá Àwárí yára fọwọ́ bò ó.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Àwọn ará àgọ́ ọlọ́pàá ló sọ ọ́ ní Ìyá Àwárí, torí nǹkan kì í sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, afurasí kan sá gun àtẹ̀gùn, orúnkún ò sì jẹ́ kó lè lé e. Ọkùnrin náà dúró lókè, ó ń fi í rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wá dókítà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó jókòó ti agolo nílé ìdáná. Agolo méjì ló ní. Ọ̀kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń tì pa níbi iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ló ń bù ú, ó sì ti fẹ́ẹ̀ tán. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń bu tilé, síbẹ̀ ó ṣì ju ìdajì lọ. Èèrà sì tò yí i ká. Kò sí èèrà nídìí tibi iṣẹ́.

Ó tọ́ ọ wò. Ó dùn. Ó ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé ebi ló ń jẹ́ kó dùn.

"Háà! Olè a máa kó nǹkan lọ ni. Eléyìí ń kó o wá!"

Ẹni mẹ́ta péré ló ń wọ ilé ìdáná yẹn: ọkọ rẹ̀, àbúrò rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Ó pe ọkọ rẹ̀, tó ti wa tírélà lọ láti ọjọ́ Àìkú.

"Dádì, ẹ̀yin lẹ da ṣúgà sínú agolo mi?"

"Ṣúgà kẹ̀? Ṣé kò sí o? Mo ní mi ò fẹ́ kí wọ́n gé ìyàwó mi kù lóòótọ́, àmọ́ ẹnu lásán ni. Di ọjọ́ Ẹtì ni mo tó ń bọ̀."

Ìyá Àwárí tẹ́ ojú ìyẹ̀fun náà, ó fi ọ̀bẹ fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sí i, ó sì dé agolo. Nígbà tó fi máa tibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àbúrò rẹ̀ aránṣọ ti ń fi kọ́tìnnì tuntun kọ́ ní pálọ̀.

"Ṣé o dé ilé ìdáná?"

"Mo lọ mumi ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ tì mí mọ́lé ni?"

"Agolo orí pẹpẹ ńkọ́?"

"Oògùn ọgbẹ́ inú yín yẹn? Kí ni màá fi oògùn olóògùn ṣe?"

Ọgbẹ́ inú. Irọ́ tí òun fúnra ẹ̀ pa nìyẹn, torí ìtìjú ò jẹ́ kó lè sọ òótọ́ fún àbúrò ẹ̀. Ó ṣí agolo. Ìlà ti pòórá. Ìyẹ̀fun ti ga sí i níwọ̀n ìka méjì. Ọkọ ẹ̀ wà lójú ọ̀nà, àbúrò ẹ̀ ò sì mọ ohun tó wà fún. Ẹnì kan ló kù.

Ká má purọ́, ó ti fura láti àná. Gbogbo èèyàn ló bi léèrè, àfi ọmọ ẹ̀.

Nígbà tí àbúrò ẹ̀ lọ tán, ó wọ yàrá ọmọ náà, ó gbé agolo síwájú ẹ̀.

"Kí lo fi kún un?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Mílíìkì ọlọ́ràá àti ṣúgà tí mo lọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti jáde ni mo máa ń pò ó mọ́ ọn."

"Kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ọ́, Mọ́mì. Ẹ wo ara yín látòkè délẹ̀, ẹ ní kí n kọ ọ́ pé ara yìí ń tì yín lójú. Ara wo? Ṣebí òun náà ló wà lọ́rùn mi?" Ó bú sẹ́kún. "Ẹ fẹ́ lọ gé e kúrò, kí ẹ wá fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú ẹ̀."

Ìyá Àwárí máa ń mọ ìbéèrè tó kàn. Lọ́tẹ̀ yìí, agolo ló tẹjú mọ́. Ojú tì í débi pé kò lè wo ọmọ náà.

"Tí wọ́n bá là mí kí ẹ̀dọ̀ mi tó sún kì, mo lè kú," ló sọ nígbẹ̀yìn.

"Yéè! Mi ò mọ̀, Mọ́mì! Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀!"

"O ò mọ̀. Èmi náà ò mọ ohun tí mò ń sọ lọ́jọ́ yẹn."

Àwọn méjèèjì ló jọ lọ síwájú nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n sọ fún un pé ṣúgà ti wọ inú agolo. Ìwọ̀n ò tíì sọ̀ tó. Ó di ọdún tó ń bọ̀.

"Ta ló wá ṣe irú eléyìí?" nọ́ọ̀sì béèrè.

"Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀," ni Ìyá Àwárí fi dáhùn. "Ẹ bá mi mú fọ́ọ̀mù yẹn."

Ó fi bírò pa ìlà náà rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣì ṣeé kà. Nọ́ọ̀sì fún wọn ní òmíràn, ó sì tì í síwájú ọmọ náà.

"Kọ ọ́ pé orúnkún ń dùn mí," ni ìyá ẹ̀ sọ. "Kọ ọ́ pé mo fẹ́ lè gun àtẹ̀gùn."

Ọmọ náà kọ ọ́. Nígbà tó ṣe tán, ó ká fọ́ọ̀mù àtijọ́ sí mẹ́rin, ó fi í sínú báàgì ara ẹ̀. Ìyá ẹ̀ rí i. Kò lẹ́nu láti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.