Ìlà Tí Mi Ò Bò

"Àbí èéyi ló mú àwòrán ẹ ni?" Kiarna ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. "Tótòtó káàkiri! Ta ló máa rí nǹkan tó wà lábẹ́ ẹ̀?"

Inú kíláàsì la wà, à ń ya àwòrán fún ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Alice Springs, ìlú tó wà láàárín aṣálẹ̀ àwọn baba ńlá wa. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo sì rò pé mo ti gbọ́n tán.

Ìrìn àwọn ìyá ńlá wa ni mò ń yà, àwọn tó ṣa èso igi la aṣálẹ̀ kọjá nígbà ìwáṣẹ̀. Ìdílé bàbá mi ló ni ìtàn náà. Napaljarri, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló fún mi láyè.

"Ya èso, ya ọ̀nà," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ìlà àárín yẹn, fi àmì tótòtó bò ó pátápátá. Àyà àwa obìnrin nìkan la máa ń kọ ọ́ sí, nígbà orin; ọkùnrin ò gbọ́dọ̀ rí i. Tó o bá parí, gbé e fún Napurrurla kó wò ó."

Ọmọ wọn obìnrin ni Napurrurla. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ni ìtàn kì í dá ṣọ́ ọ; ọmọ tí obìnrin ìdílé náà bí ló ń bá a ṣọ́ ọ.

Àmọ́ ẹ̀fẹ̀ Kiarna ti wọ̀ mí lára. Mo fi ìlà náà sílẹ̀ ní ìhòòhò. Mi ò sì gbé e fún Napurrurla, torí mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ.

Mo gba ipò kìíní. Wọ́n tẹ àwòrán náà sórí pátákó ńlá létí títì, ó tún ń lọ lórí fóònù. Tọkùnrin tobìnrin ló rí i.

Nígbà tí mo délé, Napurrurla mú fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń sunkún.

"Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò kó o tó gbé e jáde?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní ta ni? Èmi ni àwọn àgbà máa bi! Wọ́n á ní mo sùn lẹ́nu iṣẹ́."

Napaljarri ò pariwo rárá. "Ọmọ mi, ojú tó ti rí i ti rí i."

Mo dá ẹ̀bùn ìdíje náà padà, wọ́n sì yọ pátákó náà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà obìnrin ti orin ìlà yẹn pa: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ tàbí fi kọ́ni mọ́. Ọdún yẹn gan-an ló yẹ kí Napaljarri kọ ìlà náà sí mi láyà, kí wọ́n sì kọ́ mi lórin rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó ṣí i. Napaljarri ti kú. Napurrurla ló fi ẹfun kọ ìlà náà sí mi láyà, tí wọ́n ń kọ orin tí mò ń gbè é. Nígbà tí orin dé ibi tí àwọn ìyá ńlá ti wọ àfonífojì, wọ́n dákẹ́.

"Ibí yìí, ìyá mi nìkan ló mọ̀ ọ́n."

A jó ibẹ̀ kọjá láìsí orin.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, kì í ṣe gbogbo ohun tó jẹ́ tiwa ló ṣeé pàtẹ. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Lọ́dọọdún tí a bá dé àfonífojì yẹn, ẹsẹ̀ wa nìkan là ń gbọ́, mo sì mọ ẹni tó fà á.