Ẹ̀dọ̀ Gideon

Ikú Akínladé kò yé ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í mu ọtí, inú rẹ̀ wú, oúnjẹ kì í dà nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí epo. Kí àgbàdo tó gbó, wọ́n ti sin ín. Ohun tí abúlé kò bá mọ̀dí rẹ̀, orí àjẹ́ ni wọ́n máa ń gbé e kà: wọ́n ní àjẹ́ ló jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí inú àbúrò rẹ̀, Gideon, náà bẹ̀rẹ̀ sí í kún, tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń dùn ún, jìnnìjìnnì bo Fẹ́yìsetán, ìyá wọn. Gideon nìkan ló kù fún un. Ọmọ náà kò sanra rí láyé rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti pinnu láti bọ́ ọ títí ẹran á fi hàn lára rẹ̀. Láàárọ̀, ìgò mọ́ọ̀tì tó pò mọ́ mílíìkì. Lálẹ́, bákan náà. Bó ṣe bọ́ Akínladé náà nìyẹn. Síbẹ̀, ńṣe ni àìsàn náà ń le sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òwìwí bà sórí páànù Àrìnpé, ìyálé Fẹ́yìsetán tí kò bímọ, ó kọjú sí ilé Gideon. Sùúrù Fẹ́yìsetán tán.

"Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀!" ó pariwo níta gbangba. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Èmi tí mo pọ̀n wọ́n dàgbà?" ni Àrìnpé wí.

Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ló dá a lóhùn. "Kí ilẹ̀ ọjọ́ ọjà tó ṣú, ẹ kó ẹrù yín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó dáná sun yàrá yẹn."

Lọ́jọ́ ọjà gan-an ni ìrora Gideon pọ̀ jù. Ọ̀kadà gbé òun àti ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù ní Ayétòrò. Wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀. Dókítà obìnrin tó wò ó ní, "Ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀."

"Ọ̀rá? Ọmọ mi tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ yìí?"

"Màmá, ènìyàn lè tínrín lójú kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sanra nínú. Kí ló ń jẹ?"

Fẹ́yìsetán fọ́nnu nípa mọ́ọ̀tì àti mílíìkì rẹ̀. Dókítà mi orí.

"Ẹ má fún un mọ́. Ṣúgà inú mọ́ọ̀tì yẹn wà lára ohun tó ń di ọ̀rá síbẹ̀. Tó bá jáwọ́ nínú ẹ̀, tó sì ń rìn dáadáa, ẹ̀dọ̀ yìí ṣì lè bọ̀ sípò."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú ńkọ́?"

"Èmi ò yẹ̀ ẹ́ wò, Màmá. N ò lè sọ."

Ṣùgbọ́n Fẹ́yìsetán ti ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀.

Òòrùn ti fẹ́ wọ̀ nígbà tí wọ́n délé. Àwọn ọ̀dọ́ ti yí yàrá Àrìnpé ká, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù wà lẹ́sẹ̀ wọn. Fẹ́yìsetán gba àárín wọn wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Ìyálé mi, ẹ forí jì mí."

Àrìnpé kò gbójú sókè níbi tó ti ń di ẹrù. "Ìta lo ti pè mí lájẹ̀ẹ́. Ìta ni kí o ti lọ kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ."

Fẹ́yìsetán jáde. "Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn kúrò. Ìyálé mi kọ́ ló pa Akínladé."

"Ta ló wá pa á?" ni ọ̀kan nínú wọn bi í.

"Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ èmi," ó ní, "èmi tí mo ń bọ́ ọ."